Orúkọ Méjìlélógún Nínú Kẹ̀kẹ́

Ajé, 7 oṣù kẹrin, 2025

Ooru yìí ti kúrò ní kékeré. Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ kò tíì lù, irin ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ti ń jó ni lọ́wọ́. Alhaji Àbùbákàr pe èmi akọ̀wé rẹ̀ àti Bọ̀dá Ọlábíyìí akáńtáǹtì wọlé, ó ní ká ti ilẹ̀kùn.

Àwọn ará Kano ti gbà láti ra iléeṣẹ́ awọ wa. Ṣùgbọ́n wọ́n ní èèyàn ti pọ̀ jù. Méjìlélógún ló máa lọ. Alhaji fúnra rẹ̀ ló fẹ́ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tí oṣù yìí bá pé ọgbọ̀n, kó sọ fún wọn lójúkojú. Títí dìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́.

"Àwọn kan nínú wọn ti wà níbí láti ayé bàbá mi," ló wí. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì."

Mo ní kí Alhaji fọkàn balẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà lórí àga yìí, ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì kankan ò gba ẹnu mi jáde rí. Mo fọ́nnu díẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́, kí n má parọ́ fún ìwé ìrántí mi yìí.

Ọjọ́rú, 9 oṣù kẹrin

Èmi ni mo tẹ orúkọ wọn. Mo tò ó bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ sí: àwọn tó ń họ irun awọ ló ṣáájú, àwọn tó ń rẹ ẹ́ sínú àwọ̀ tẹ̀ lé wọn, àwọn tó ń sá a ló gbẹ̀yìn. Garba wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ awọ ewúrẹ́ pupa rẹ tó o nínú iléeṣẹ́ yìí. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ni kí n tẹ̀ ẹ́, èmi kọ́ ni mo yàn án.

Talatu wọlé wá gbálẹ̀, mo fa ìborùn mi bo ìwé náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Anti Rukayya, ṣé lẹ́tà ọkọ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Kò síná láti ìjẹta. Ọ̀rá omi tútù kan ti di ọgọ́rùn-ún náírà ní Mabera, àdúgbò wa.

Àlàmísì, 10 oṣù kẹrin

Alhaji jẹ́ kí n tètè kúrò, mo gba ọjà Kasuwar Kara lọ. Àlùbọ́sà ti wálẹ̀, tòmátò ni kò ṣeé sún mọ́. Kẹ̀kẹ́ tí mo wọ̀ bọ̀ wálé ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta. Ibẹ̀ ni Bọ̀dá Ọlábíyìí ti pè mí. Orúkọ mọ́kànlélógún lòun kà nínú ìwé tòun, mélòó ni tèmi? Ó ní kí n yáa pè wọ́n fún òun, Alhaji ń retí ìwé náà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, mo bá gbóhùn sókè. Mo yọ ìwé náà nínú báàgì, mo ní àwọn tí wọ́n máa dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ nìyí o, mo sì pe gbogbo wọn tán. Fàrúkù ni Bọ̀dá fò nínú tirẹ̀. Bọ̀dá sọ̀rọ̀ kan, mo rẹ́rìn-ín.

Ta ló gbọ́ Yorùbá nínú kẹ̀kẹ́ Mabera? Rédíò Hausa ni awakọ̀ ń gbọ́. Obìnrin méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọ̀kan tó wọ híjáàbù aláwọ̀ eérú sọ̀kalẹ̀ lójijì, kò dúró gba ṣéńjì. Ooru ti ń da àwọn èèyàn lórí rú.

Jímọ̀, 11 oṣù kẹrin

Màmá ní kí n ra òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Mo gbàgbé. Ọ̀la.

Ajé, 14 oṣù kẹrin

Wọ́n ti gbọ́.

Nígbà tí mo dé iléeṣẹ́ láàárọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ dúró ní mẹ́ta-mẹ́ta, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan awọ. Mo kí wọn, ẹnì kan péré ló dáhùn. Garba kò wá sí iṣẹ́.

Alhaji pè mí. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Rukayya, wọ́n mọ orúkọ gbogbo wọn. Wọ́n tiẹ̀ mọ bí a ṣe tò wọ́n."

Mo ní báwo ni wọ́n ṣe tò ó? Ó kà á fún mi bí wọ́n ṣe kà á fún un: àwọn tó ń họ irun ló ṣáájú, àwọn tó ń rẹ awọ tẹ̀ lé wọn. Ti Bọ̀dá Ọlábíyìí, a-bí-dí ló fi tò ó. Tèmi nìkan ló rí báyìí, kò sì kúrò nínú báàgì mi rí, àfi lọ́jọ́ kan.

Mo rántí híjáàbù náà.

Alhaji ní, "Ta ló ń wọ ọ́fíìsì rẹ?" Kí n tó dáhùn, òun fúnra rẹ̀ ti dáhùn: "Talatu tó ń gbálẹ̀."

Talatu kò mọ̀wé kà. Èmi ni mo máa ń ka nọ́ńbà fún un lórí fóònù rẹ̀. Alhaji ò mọ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ì bá gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ìbéèrè tí ì bá tẹ̀ lé e.

Mi ò sọ nǹkan kan.

Ìṣẹ́gun, 15 oṣù kẹrin

Wọ́n lé Talatu. Opó ni, ọdún mẹ́fà ló ti ń gbálẹ̀ wa. Ó wá fi kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì mi, ó ká aṣọ ìnulẹ̀ rẹ̀ sí mẹ́rin, ó gbé e lé e. Ó ní, "Allah ya sani." Kò fi bú mi. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé oòrùn mú.

Ọlọ́run mọ̀ lóòótọ́.

Àlàmísì, 17 oṣù kẹrin

Àwọn ará Kano wá. Wọ́n wo iṣẹ́, wọ́n wo awọ, wọ́n sì bínú pé ọ̀rọ̀ ti ta sí ìgboro. Ṣùgbọ́n wọn ò padà lẹ́yìn òwò náà. Wọ́n yọ èèyàn mẹ́sàn-án kúrò lára àwọn tó ń lọ. Garba ni wọ́n kọ́kọ́ yọ. Wọ́n gbé awọ pupa rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n ní bí kò bá sí ọwọ́ tó ṣe èyí, kí ni àwọn ń rà?

Ayọ̀ ni ó yẹ kó jẹ́. Mo lọ bèèrè Garba lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ó ti lọ láti Sátidé. Òun àti àna rẹ̀ gba ọ̀nà Zamfara lọ, wọ́n lọ wa góòlù.

Gbogbo wa la mọ ọ̀nà yẹn. Gbogbo wa la sì mọ ihò yẹn.

Sọ́ńdè, 20 oṣù kẹrin

Mò ń fa tẹ̀sùbáà lẹ́yìn ìrun Alásàrí. Nígbà tí mo dé ìkẹtàlá, orúkọ Garba ló bọ́ sí mi lẹ́nu dípò orúkọ Ọlọ́run. Ìkẹtàlá ló wà nínú ìwé náà. Mo tún un bẹ̀rẹ̀. Ó tún bọ́ síbẹ̀.

Láti ọjọ́ mẹ́rin ló ti rí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá tan omi sínú garawa, mo máa ń gbọ́ wọn. Bí jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì bá kú lójijì, mo máa ń gbọ́ wọn nínú ìdákẹ́jẹ́ náà. Ohùn ara mi ló ń pè wọ́n, kedere, pẹ̀lú ẹ̀rín ní ìparí.

Ọjọ́rú, 23 oṣù kẹrin

Mo lọ sí Gagi, àdúgbò Garba. Mo ní n ó wá bá ìyàwó Garba, kí n sọ fún un pé wọ́n ti yọ orúkọ ọkọ rẹ̀, kó wá ọ̀nà tí yóò fi ránṣẹ́ pè é. Wọ́n júwe ilé kan tó ní ilẹ̀kùn páànù fún mi. Mo fi Hausa kí onílé. Obìnrin kan ṣílẹ̀kùn, ó wò mí, ó ní:

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ wọlé, oòrùn ń pa yín."

Yorùbá ni. Yorùbá Ìbàdàn tó já gaara. Híjáàbù aláwọ̀ eérú náà ló wà lọ́rùn rẹ̀.

Obìnrin náà dúró dè mí títí mo fi wọlé. Ó tẹ́ ẹní, ó bu omi fún mi.

"Indo lorúkọ mi," ló wí. "Sábó Ìbàdàn ni mo dàgbà sí, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ibẹ̀ ni mo wà kí wọ́n tó mú mi wá fọ́kọ níbí. Ohùn yín ni mo dá mọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kì í ṣe ojú yín. Mi ò lè wo ojú yín lọ́jọ́ náà."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ pé..."

"Ẹ rò pé kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá. Ṣùgbọ́n orúkọ ńkọ́? Èdè wo lẹ máa fi pe Garba tí mi ò ní gbọ́? Awakọ̀ pàápàá gbọ́ orúkọ. Obìnrin kejì gbọ́ orúkọ. Èmi nìkan ni mo wá gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ fi wọ́n ṣe."

Mo sọ fún un pé wọ́n ti yọ ọ́, pé àwọn ará Kano ní àwọn ò fẹ́ iléeṣẹ́ náà láìsí Garba. Kò yọ̀, kò sunkún.

"Ìgbà wo ni wọ́n yọ ọ́?"

"Àlàmísì tó kọjá."

"Ọjọ́ márùn-ún ṣáájú ìgbà yẹn ló ti lọ." Ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu ẹnu ife náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dọ̀tí. "Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró. Ó ní òun ò ní jókòó kí wọ́n máa lé òun lójú àwọn tí òun kọ́ níṣẹ́. Ó sọ fún èèyàn méjì ní mọ́sáláṣí, ó gbé ṣọ́bìrì, ó lọ. Fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́ láti ọjọ́ kejì."

Nígbà tí mo dìde, mo bi í bóyá ó máa lọ sọ fún Alhaji pé èmi ni. Ó ní ta ni wọ́n mú? Mo ní Talatu.

"Ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ ọ́," ló wí.

Jímọ̀, 25 oṣù kẹrin

Mi ò lè jẹun. Màmá rò pé ibà ni.

Sátidé, 26 oṣù kẹrin

Mo sọ fún Màmá. Wọ́n ń já ewé kúkà fún ọbẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì ń já a lọ títí mo fi parí. Mo ní bí wọ́n bá lé mi, ta ni yóò máa ra òògùn?

Màmá ní, "Má fi òògùn mi ṣe bojúbojú, Rùkàyyàt. Ṣé èmi ni mo ní kó o pa ẹnu dé lórí ọ̀rọ̀ Talatu? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé nílùú yìí, n kò tíì jẹ ẹ̀jẹ̀ opó rí."

Wọ́n gbé ewé náà, wọ́n lọ se ọbẹ̀.

Ajé, 28 oṣù kẹrin

Mo sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe fún Bọ̀dá Ọlábíyìí. Ó fà mí lọ sẹ́yìn ibi tí wọ́n ń kó iyọ̀ sí, òógùn bò ó.

"Èmi ni mo wà lórí fóònù! Èmi ni mo ní kó o pè wọ́n! Àwọn ọmọ mi wà ní Yunifásítì, Rùkàyyàt. Talatu á ríṣẹ́ mìíràn. Iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ni, kì í ṣe iṣẹ́ tó ṣòroó rí."

Mo ní, "Bọ̀dá, mi ò ní dárúkọ yín."

"Wọ́n á bi ọ́."

"Wọ́n lè bi mí."

Ìṣẹ́gun, 29 oṣù kẹrin

Mo ti sọ ọ́. Mo kúnlẹ̀, Alhaji ní kí n dìde, mi ò dìde. Mo sọ ti kẹ̀kẹ́, mo sọ ti ìwé inú báàgì. Ó bi mí pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní, "Alhaji, ẹnu tèmi ló sọ ọ́." Ó bi mí lẹ́ẹ̀kejì, mo tún sọ bẹ́ẹ̀.

Mo wá ní, "Talatu kò mọ̀wé kà."

"O mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo lé e?"

"Mo mọ̀, Alhaji."

Ó yí àga rẹ̀ sí fèrèsé. "Ti kẹ̀kẹ́, àìfarabalẹ̀ ni. Èyí tó o ṣe níwájú mi níbí ló burú jù."

Ní ìrọ̀lẹ́, mo lọ sílé Talatu lẹ́yìn Kasuwar Kara. Ó ń fọ aṣọ àwọn ẹlòmíì. Ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi tán, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ọṣẹ. Mo ní Alhaji ní kó padà wá.

"Ibi mẹ́rin ni mo ti wá iṣẹ́," ló wí. "Wọ́n ní èmi ni mo jí ìwé ọ̀gá mi kà. Èmi! O wá bẹ̀ mí nínú àgbàlá mi, ó dáa. Ṣé inú àgbàlá mi ni orúkọ mi ti bàjẹ́?"

Ọjọ́rú, 30 oṣù kẹrin

Gbogbo òṣìṣẹ́ péjọ lábẹ́ igi dóńgóyárò. Kí Alhaji tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, mo tọrọ àyè. Mo fi Hausa sọ ọ́, mo gbóhùn sókè, kí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá lè gbọ́. Mo ní Talatu kò jí nǹkan kan, kò ka nǹkan kan. Mo ní èmi Rukayya ni mo pe orúkọ yín nínú kẹ̀kẹ́, tí mo sì dákẹ́ nígbà tí wọ́n lé e.

Ẹnì kan tutọ́ sílẹ̀. Fàrúkù, tó wà lára àwọn mẹ́tàlá tó ń lọ, ní, "Lọ́jọ́ tó ṣe é, Yorùbá ló fi ṣe é. Lónìí tó ti jóná ló wá rántí Hausa." Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn létí.

Talatu dúró lẹ́nu géètì, ó fi ìborùn bo ẹnu. Nígbà tí mo parí, ó wọlé, ó mú ìgbálẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Alhaji pe àwọn mẹ́tàlá náà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò wúlò mọ́. Wọ́n ti mọ ohun tó fẹ́ sọ.

Wọ́n gbé mi kúrò lórí àga mi. Sítọ̀ ni mo máa wà láti ìsinsìnyí, n ó máa ka awọ. Bọ̀dá Ọlábíyìí kọjá lára mi lẹ́ẹ̀mejì, kò lè wò mí.

Jímọ̀, 9 oṣù karùn-ún

Ọkùnrin kan wà nínú kẹ̀kẹ́ lónìí tó ń bá ẹnì kan jà lórí fóònù nípa àìsàn ìyàwó rẹ̀. Ó dárúkọ ìyàwó, ó dárúkọ àìsàn, ó dárúkọ dókítà. Mo ní kí awakọ̀ já mi sílẹ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn délé nínú oòrùn náà.

Kò sí ìròyìn Garba.

Sátidé, 17 oṣù karùn-ún

Indo pè mí. Àna Garba ti dé, òun nìkan. Ihò ya lù wọ́n. Wọ́n wú èèyàn mẹ́rin jáde, méjì ti kú. Garba wà láàyè, ó wà ní ọsibítù kan lọ́nà Gusau, ṣùgbọ́n òkúta ti fọ́ ọwọ́ rẹ̀.

Mo bi í pé ọwọ́ wo.

"Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyẹn lèèyàn máa kọ́kọ́ bèèrè. Ọ̀tún ni."

Sọ́ńdè, 25 oṣù karùn-ún

Òjò àkọ́rọ̀. Kò pẹ́, ó kàn pa eruku. Àwọn ọmọ àdúgbò sá jáde, wọ́n ń jó. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ń gbọ́ àwọn orúkọ náà.

Sátidé, 31 oṣù karùn-ún

Garba ti dé. Mo lọ kí i ní Gagi. Ó ti rù, irùngbọ̀n rẹ̀ ti hewú lójú kan. Ó jókòó sórí ẹní, ó fi aṣọ bo ọwọ́ ọ̀tún. Kí n tó jókòó, ó ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo wá sọ fún ìyàwó òun pé iṣẹ́ òun ṣì wà.

Indo gbé omi wá, ó sì fi Yorùbá bá mi sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, èyí tí ọkọ rẹ̀ kò gbọ́: "Mi ò sọ fún un pé ohùn ta ni. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́."

Mo wo omi náà. Kí n má parọ́, ìfẹ́ inú mi ni kí n dákẹ́. Ọkùnrin náà ń wò wá, láti ẹnu mi sí ẹnu ìyàwó rẹ̀, kò mọ ohun tí à ń sọ nínú ilé ara rẹ̀.

Mo yíjú sí i. Mo fi Hausa sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ẹ̀rọ ìlọta àwọn ará ẹ̀yìnkùlé bẹ̀rẹ̀, ó lọ̀ tán, ó dúró. Nígbà tó yá, Garba ṣí aṣọ náà. Àtàńpàkò àti ìka ìlábẹ̀ nìkan ló kù.

"Iléeṣẹ́ ò tíì mọ̀," ló wí. "Wọ́n rò pé ó ń jinná ni. Ọjọ́ Ajé ni màá lọ sọ fún Alhaji fúnra mi. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Mi ò ní sọ."

"Ṣé ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún Alhaji náà?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ó bo ọwọ́ rẹ̀ padà.

Sọ́ńdè, 1 oṣù kẹfà

Bọ̀dá Ọlábíyìí pè, ó ní òun gbọ́ pé Garba dé, ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́? Mo ní kó lọ bi Garba. Màmá náà bi mí nígbà tá a ń jẹun. Mo ní ó ti dé, wọ́n ní Alhamdulilahi. Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ajé, 2 oṣù kẹfà

Agogo mẹ́jọ ni Garba wọlé, ó ki ọwọ́ bọ inú àpò jalamíà rẹ̀. Ó lọ tààrà sọ́dọ̀ Alhaji, ilẹ̀kùn sì tì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn òṣìṣẹ́ ń yọ́ wá sí sítọ̀: kí ló dé, Rukayya? Kí ló ṣe é? Ẹ̀yin lẹ máa ń mọ̀. Mo ń ka awọ lọ.

Ó kù díẹ̀ kó di ìrun ọ̀sán kó tó jáde. Ó dúró lábẹ́ dóńgóyárò, ó yọ ọwọ́ náà, ó na án sókè fún gbogbo wọn. Ó ní ẹ wò ó dáadáa lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má máa yọ́ ọ wò. Ó ní Alhaji ti bá àwọn ará Kano sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Òun á máa po àwọ̀, òun á máa fojú wò ó, àwọn mẹ́ta tí òun kọ́ níṣẹ́ ni yóò máa ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Títí di ìparí ọdún ni àwọn ará Kano máa fi dán an wò. Talatu bu omi wá, ó dà á sí i lọ́wọ́ òsì kó fi ṣe àlùwàlá.

Lẹ́yìn ìrun, Garba wá gba awọ. Ogójì ni mo kà fún un. Ó fi ọwọ́ òsì yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, ó pẹ́ gan-an, awọ ń já bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo na ọwọ́ láti bá a dì í mú, ó mi orí. Ó dá mẹ́fà padà fún mi, kò sọ ohun tó ṣe wọ́n.

Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó ní, "Sannu da aiki," ẹ kú iṣẹ́ ni ìyẹn.

Mo dáhùn. Ó ti lọ jìnnà kí n tó sọ ọ́ tán.